Àgádágodo Lórí Ẹ̀dọ̀ Trailo

Ọjọ́ Ìsinmi ni Persida rí àbẹ́là ara rẹ̀ láàárín àwọn òkú.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, àwo méjì ló wà tí a máa ń gún àbẹ́là sí. Èyí tó wà lókè ni ti àwọn alààyè. Èyí tó wà nísàlẹ̀, nínú iyanrìn, ni ti àwọn tó ti kú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n. Mo di apá Persida mú lọ́jọ́ náà nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè dúró pẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gún àbẹ́là fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó rí ọ̀kan nínú iyanrìn tó ti jó dé ìdajì. Wọ́n fi irun so ó nídìí. Irun pupa tí wọ́n pa láró ni, kò sì sí ẹlòmíì tó ń pa irú aró yẹn ládùúgbò wa àfi Persida tó ń gé irun fún gbogbo wa.

"Àǹtí Vuka," ó ní, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ̀n, "ṣé kì í ṣe irun mi nìyẹn?"

Mo fà á tu, mo fi ìka pa iná rẹ̀, mo jù ú sápò. Obìnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ti rí wa. Ó rọra fọwọ́ kan Persida léjìká. "Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro, ọmọ mi. Bóyá ẹnì kan ló ṣì í gún."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Èèyàn lè ṣì í gún lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè ṣèèṣì fi irun ẹlòmíì so ó nídìí.

Ẹ̀dọ̀ ni àìsàn Persida. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà, ó sì ti ń bá a jà fún ọdún pípẹ́. Kò mutí rí láyé rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ "ẹ̀dọ̀" ládùúgbò wa, wọn á wo ara wọn, wọn á fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń gbé ife sẹ́nu. Ara yíyún ló fi bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, láìsí èélá, láìsí ìléròrò. Búrọ́ọ̀ṣì irun ló fi ń họra títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Àwọn aládùúgbò ní ẹnì kan ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ dè é, wọ́n sì gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ pọ́n. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi, wọn á fi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde, ikùn á tún kún. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ débi pé ó gé ìyàwó olùkọ́ létí, àtọjọ́ náà ló sì ti kó àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ míì, ó máa wò mí lójú, kò ní rántí orúkọ mi.

Àwọn dókítà ní Belgrade, olú ìlú wa, ti sọ ọ́ láìfi bò: àyàfi kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ míì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ẹ̀dọ̀ ẹni tó kú lè dúró títí òun náà á fi kú. Ìdí nìyẹn tí Trailo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ní kí wọ́n gé ìdajì tòun fún un. Ẹ̀dọ̀ alààyè a máa hù padà. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Trailo wò, ó bá tirẹ̀ mu. Àyẹ̀wò ìkẹyìn ló kù, lẹ́yìn Àjíǹde, kí wọ́n tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ìyá wọn, Màmá Stanija, ti gbọ́ kí a tó délé. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé wa. Kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ohun tó bi mí ni bí àbẹ́là náà ṣe jó tó.

"Ó jó dé ìdajì," mo ní.

"Ìdajì," ló wí, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ìdajì ló kù fún ọmọ mi."

*

Milunka, ìyàwó Trailo, ló ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, nígbà tí kò sí ẹlòmíì tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Vienna, nílẹ̀ òkèèrè, ni Trailo ti ń lẹ táìlì. Ọdọọdún ló máa ń wálé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí Milunka á máa fi iyókù ọdún dúró dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wálé tán, ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀.

"Ìdajì ẹ̀dọ̀?" Milunka bi í. "Ṣé búrẹ́dì ni ọ́?"

"Dókítà ní á hù padà."

"Ta ni nínú wọn tó ti gé tiẹ̀ wò?"

"Àbúrò mi ni, Milunka."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ́ sí ọ?"

Trailo ń fi búrẹ́dì nu àwo. Inú ń bí mi sí i lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti tó.

Adáhunṣe kan wà lórí òkè, Paun lorúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ọ̀sán gangan nìkan ló máa ń gba àlejò, nígbà tí òjìji èèyàn bá ti kúrú débi tí kò lè sá. Ó ní kí Milunka dúró sínú oòrùn. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí òjìji rẹ̀, kó tó bi í pé kí ló bá wá.

"Mi ò fẹ́ kí abẹ kan ọkọ mi."

"Fi owú wọn ikùn rẹ̀ nígbà tó bá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Fi owú náà há àgádágodo lẹ́nu, kó o tì í, kó o jù ú sínú odò Timok. Kó o rán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ inú ìrọ̀rí tó ń sùn lé."

"Ṣé ó parí nìyẹn, Bàbá?"

"Báwo ló ṣe máa parí? Ẹni tó ń béèrè ẹ̀dọ̀ ṣì ń béèrè. Lọ wá irun rẹ̀."

Milunka ní òun ò fẹ́ kí Persida kú.

Paun rẹ́rìn-ín. "Ta ló dárúkọ ikú? Àbẹ́là la fẹ́ tàn."

Milunka ṣe gbogbo rẹ̀. Trailo sùn sórí àga gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ̀ pé owú ń gba abẹ́ ẹ̀yìn òun kọjá. Milunka gba orí afárá, ó ju àgádágodo náà sómi, ó sì dúró kó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó búra fún mi pé kò dún. Ó ní omi kàn ṣí, ó pa dé, bí ẹni gbé nǹkan mì.

*

Ní ọjọ́ kejì tí a rí àbẹ́là, Màmá Stanija gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi ọkọ̀ mi gbé òun lọ sí abúlé tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Dokija, adáhunṣe míì, ló ń gbé níbẹ̀. Òun àti Paun ti kórìíra ara wọn láti ìgbà èwe, wọn kì í pe orúkọ ara wọn láìtutọ́. Màmá Stanija ò jẹ́ kí n bá òun wọlé. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mò ń wo adìyẹ dúdú kan tó dúró sójú kan ní àgbàlá, tí kò ṣa nǹkan kan jẹ, tó kàn ń wò mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni Màmá Stanija tó sọ ọ́ fún mi.

Dokija gbóòórùn àbẹ́là náà. "Paun," ló wí, ó tutọ́. Ó fi ẹ̀mú mú ẹyinná láti inú ààrò, ó jù wọ́n sínú àwo omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyinná a máa léfòó. Gbogbo wọn rì.

"Ó ti de àwọn ọmọ rẹ méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ tí ọkùnrin náà fẹ́ fi tọrẹ, Paun ti jókòó lé e."

"Ṣé o mọ àìsàn tó ń ṣe ọmọbìnrin mi?" ni Màmá Stanija bi í.

"Mo mọ Paun."

Ìdáhùn tó fún un nìyẹn, ìyá náà sì gbà á. Dokija mú ewé kan wá, ó ṣẹ́ igi rẹ̀, oje tó jáde lára rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bíi pupa ẹyin. Ó ní, "Wò ó bó ṣe pọ́n tó. Òun ló máa fa pípọ́n ojú ọmọ rẹ jáde. Kí ẹni tó ń gba ẹ̀dọ̀ mu ún, kí ẹni tó ń fúnni náà mu ún, nínú oyin, kí oòrùn tó yọ. Dókítà ò sì gbọdọ̀ gbọ́. Bí dókítà bá gbọ́, agbára rẹ̀ bọ́ nìyẹn."

Nígbà tí Màmá Stanija jáde, nǹkan wú lábẹ́ aṣọ ìdáná rẹ̀.

"Kí lẹ gbà?" mo bi í.

"Àdúrà," ló fèsì, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàmù.

*

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí ìdí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Trailo. Ọkùnrin tó ń gbé páálí táìlì gun àjà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sinmi láàárín àgbàlá. Oúnjẹ ń rùn sí i. Ó ní nǹkan kan ń tẹ òun ní ìhà ọ̀tún, lábẹ́ egungun, bíi pé wọ́n gbé irin lé e.

Milunka gbọ́ "irin," ó fi ọ̀dùnkún tó ń bó sílẹ̀.

"Ibo ló ti ń dùn ọ́?"

"Ibí." Ó fọwọ́ lé ibi tí owú gbà.

Milunka sá gun òkè lọ́sàn-án gangan. Ó bẹ Paun kó ṣí ohun tó tì. Paun ń bó ẹ̀pà igbó lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè. "Lọ bẹ odò. Ṣé ọwọ́ mi ló wà ni?" Milunka padà sílé, ó tú ìrọ̀rí wò, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ó tutù bí ẹni pé inú omi ló ti yọ ọ́. Ó rán an padà. Ọkọ tí kò fẹ́ kí wọ́n gé, ó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lódìkejì ọgbà, Persida ń burú sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fi aṣọ inura tútù di ẹsẹ̀ kó tó lè sùn. Ojú rẹ̀ ti kúrò ní pípọ́n, ó ti ń dà bí ewé tó fẹ́ rọ. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń dúró níwájú dígí, tó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àjèjì.

"Àǹtí Vuka, oyin ìyá mi ti ń korò," ó sọ fún mi.

Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ohun gbogbo ló ń korò lẹ́nu ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

*

Ọkọ̀ mi la gbé lọ sí Belgrade fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Dókítà Senka ni obìnrin tó ń tọ́jú Persida, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo èsì ẹ̀jẹ̀ Trailo, ó tún un wò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ yìí ti wú. Kì í ṣe ohun tí mo rí nígbà òtútù nìyí. Kí lẹ̀ ń jẹ? Kí lẹ̀ ń mu? Oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

"Kò lo nǹkan kan," ni Màmá Stanija sọ kí Trailo tó lanu.

"Òun ni mo bi, Màmá."

Trailo wo ìyá rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, ó ti dá gbé nílẹ̀ òkèèrè, síbẹ̀ kò lè já ìyá rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò. "Kò sí nǹkan kan, Dókítà," ló wí.

"Mi ò lè gé ẹ̀dọ̀ yìí. Mi ò ní pa ènìyàn méjì."

Persida ò sunkún. Ó béèrè iye ìgbà tó kù fún òun láyé. Dókítà Senka di ọwọ́ rẹ̀ mú.

*

Ìrọ̀rí ló tú àṣírí. Trailo délé, ó wó lé ibùsùn, nǹkan gún un létí. Ó ya aṣọ ìrọ̀rí náà, ó sì rí kọ́kọ́rọ́. Ó bi Milunka léèrè, Milunka kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: owú, odò, irun, àbẹ́là.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti kún àgbàlá wọn. Màmá Stanija dúró láàárín, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè kí gbogbo ayé rí i.

"Ẹ wò ó! Ohun tó ti ẹ̀dọ̀ ọmọ mi pa nìyí! Apànìyàn la fi ṣe aya!"

Wọ́n tutọ́ sí Milunka lára. Obìnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ẹnì kan ló ṣì í gún, òun ló kọ́kọ́ tutọ́. Milunka kò nu ún. Ó ń sọ pé, "Èmi ni, èmi ni mo ṣe é," òun gan-an sì gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Persida ti jáde wá, ó fara ti ògiri. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, tó wọ ilé ìdáná, tó gbé ife kan jáde fún Trailo. "Mu ún, ọmọ mi, ìlọ́po méjì ni mo ṣe. Á lé ọwọ́ wọn kúrò lára rẹ."

Trailo gbé e sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ wá. Mo rí i lójú Persida bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Oyin mi nìyí," ó ní. "Màámi, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rọ̀ àsàsí tí wọ́n fi..."

"Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀."

Persida wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀, ó mú ewé tó kù jáde, oje rẹ̀ ń pọ́n án lọ́wọ́. Ó fi fóònù pe Dókítà Senka, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa gbọ́. Ó ṣàlàyé ewé náà: òdòdó rẹ̀ kékeré, oje rẹ̀ bíi pupa ẹyin, ẹ̀bá ògiri ló máa ń hù.

"Ta ló ń mu ún?" Ohùn dókítà le.

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Láràárọ̀."

"Ẹ dà á nù. Ẹ dà á nù báyìí. Ẹ̀dọ̀ ni ewé yẹn ń jẹ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ lè padà sípò bó bá jáwọ́. Á gba oṣù bíi mélòó kan. Tìrẹ, Persida, mi ò lè ṣèlérí pé á dúró dè é."

Àwọn tó ti ṣe tán láti tún tutọ́ gbé itọ́ mì. Màmá Stanija na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Mo fẹ́ gbà ọ́ là ni, Persida. Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro, ọmọ mi."

"Ẹ̀dọ̀ wo, Màámi?" Persida ò pariwo. "Ẹ̀dọ̀ wo ni kí n fi lé e? Èyí tí ẹ fún mi, ó bàjẹ́. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi, ẹ fi oyin pa á. Ìyàwó yìí fẹ́ kí n kú, ẹ̀yin fẹ́ kí n yè, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ṣé ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ bi mí léèrè?"

Ó yíjú sí àwa tó kù. "Ẹ máa lọ sílé. Ẹ ti wòran tó."

A lọ. Mi ò rí i kí àgbàlá kan ṣófo kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

*

Persida dúró dè é. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Wọ́n fa omi ikùn rẹ̀ léraléra ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbàgbé orúkọ mi, ó tún rántí rẹ̀, ó họra, ó bú gbogbo wa. Inú tó ń bí i ló dì í mú láyé, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Milunka ń lọ sí odò lójoojúmọ́, ó ń fi réèkì wa ìsàlẹ̀ omi. Kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí apẹja kan fi àwọ̀n fa àgádágodo náà jáde, ẹnu rẹ̀ ti là, owú ò sí níbẹ̀ mọ́. Milunka gbé e wá fún mi. Ọjọ́ kejì ni Dókítà Senka pè, ó ní ẹ̀jẹ̀ Trailo ti mọ́. Mi ò ní sọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rò ó kó rò ó.

Kí a tó lọ sí Belgrade, Persida ní kí n dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba ìdajì àbẹ́là náà, tí ìyá rẹ̀ ti dá padà fún mi, lọ́wọ́ mi, ó tú irun náà kúrò, ó gún un sínú àwo òkè, ó sì tàn án. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé ó pẹ́ kí iná tó mú. Mi ò ràn án lọ́wọ́, kò sì béèrè.

Lẹ́nu ọ̀nà iyàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀. Persida fa okùn kan jáde lọ́rùn: kọ́kọ́rọ́ yẹn ló so mọ́ ọn, ó ti gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Trailo ti wọlé ṣáájú. Persida fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ẹ dì í mú. Bí mo bá jáde, mo máa gbà á. Bí mi ò bá jáde, Màámi, ẹ máa fi ṣí ilẹ̀kùn yín láràárọ̀."

Ilẹ̀kùn pa dé. Màmá Stanija jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Milunka ló jókòó tì í, nítorí kò sí àyè mìíràn. Ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ mú, èkejì di àpò rẹ̀ mú. Wọn ò wo ara wọn. Nígbà tó ṣe, obìnrin kan tó ń tọ́jú àlejò gbé tíì gbígbóná wá fún wọn, ó ti fi oyin sí i, ó gbé e sáàárín wọn.

Ó tutù síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.